Wákàtí Tó Tẹ̀lé Igbe Ọmọ

Nígbà tí aboyún bá ti sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, tí ọmọ tuntun fi igbe bọnu, tí àwọn tó wà ní gbàgede gbọ́ igbe náà, tí bàbá ọmọ ń wá ẹni tí yóò kọ́kọ́ pè lórí fóònù, tí ìyá ọkọ sì ti gbé omi ka iná, ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa gbà pé ewu ti ré kọjá. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ lójú àwọn tó mọ iṣẹ́ agbẹ̀bí dójú àmì. Lójú tiwọn, wákàtí tó tẹ̀lé igbe ọmọ ni wákàtí tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gbé ojú kúrò lára ìyá, nítorí pé inú wákàtí náà gan-an ni ẹ̀jẹ̀ máa ń ya lára abiyamọ, tí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín sí ọmọ rẹ̀ yóò fi di ẹni à ń pè tí kò dáhùn mọ́.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2023, nǹkan bí 260,000 obìnrin ló kú lágbàáyé nítorí oyún àti ìbímọ, àti pé nǹkan bí 75,000 nínú wọn jẹ́ ti ilẹ̀ Nàìjíríà nìkan. Èyí ni pé nínú obìnrin mẹ́rin tí ìkúnlẹ̀ pa ní gbogbo ayé, ó lé ní ẹyọ kan tí ó jẹ́ tiwa. Nínú 100,000 ọmọ tí a bí láàyè ní ilẹ̀ yìí, ìyá 993 ni wọ́n ṣírò pé ó bá a lọ. Ẹ̀jẹ̀ ló sì ń léwájú nínú ohun tí ń pa àwọn ìyá lágbàáyé. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Orí ìyá ọmọ náà ni mo fẹ́ kí á jọ gbé yẹ̀ wò, pẹ̀lú àríyànjiyàn tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn ń bá ara wọn ṣe lórí bí a ó ṣe dá ẹ̀jẹ̀ náà dúró, àti lórí ẹni tí ó yẹ kí ó wà níbẹ̀ nígbà tí ó bá bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tí ó bá mọ Ṣómólú àti Bàrígà yóò mọ̀ pé àríyànjiyàn yìí kì í ṣe ti ilé ẹ̀kọ́ gíga nìkan. Ṣómólú, ìlú àwọn atẹ̀wé, níbi tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti ń dún láàárọ̀ àti lálẹ́. Bàrígà, tí ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ sínú ọ̀sà, tí àwọn ọmọ Ìlàjẹ àti Ègùn kọ́ ilé onípákó sí etí omi, tí wọ́n ń wo afárá Third Mainland láti ẹnu ọ̀nà wọn: ní àdúgbò méjèèjì, ilé fara ti ilé, ìdílé ńlá ń gbé inú yàrá kan ṣoṣo, ọ̀nà sì tín-ín-rín. Nínú Èkó Àkéte ilé ọgbọ́n yìí, ibi tí obìnrin lè bímọ sí kò lóǹkà. Ilé ìwòsàn ìjọba wà ní Ṣómólú, ilé ìtọ́jú alábọ́dé wà káàkiri wọ́ọ̀dù, àwọn dókítà aládàáni gbé pátákó wọn kọ́, ilé ìwòsàn ńlá Gbàgádà kò sì jìnnà. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá rìn wọ inú àdúgbò, yóò rí ilé ìyá àgbẹ̀bí tí ewé àti egbò kún ẹnu ọ̀nà rẹ̀, yóò sì rí ilé ìbímọ àwọn ìjọ Aládùúrà, níbi tí wọ́n ti ń fi orin àti omi àdúrà pàdé ọmọ. Obìnrin kan náà lè gba káàdì ní ilé ìwòsàn, kí ó tún forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá àgbẹ̀bí, kí ó sì máa lọ síbi àdúrà aboyún ní ìjọ rẹ̀. Èmi kò rí àbùkù nínú èyí, nítorí pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ẹni tí ẹ̀rù ń bà a sì máa wá ibi ìsádi púpọ̀. Ohun tí ó kàn wá ni ibi tí yóò wà nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá dé.

Kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ gan-an? Bí oyún bá ti gbó, ẹ̀jẹ̀ tó ń gba inú ilé ọmọ kọjá ní ìṣẹ́jú kan ṣoṣo tó ìdajì lítà tàbí kí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ọ̀nà ibẹ̀ ni oúnjẹ àti èémí ọmọ ń gbà. Nígbà tí ọmọ bá jáde, tí ibi-ọmọ sì já kúrò lára ògiri ilé ọmọ, gbogbo iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ ọ yóò ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ẹlẹ́dàá ti pèsè fún èyí, nítorí pé ó hun ẹran-ara ilé ọmọ lọ́nà tí àwọn fọ́nrán rẹ̀ fi gba àárín ara wọn kọjá, tí ó fi jẹ́ pé bí ilé ọmọ bá sún kì, àwọn fọ́nrán náà a fún iṣan ẹ̀jẹ̀ lọ́rùn pinpin, ẹ̀jẹ̀ a sì dá. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn ilé ọmọ a rọ̀, kò ní sún kì: bóyá ìrọbí ti pẹ́ jù, bóyá ìbejì ni, bóyá ìyá náà ti bímọ púpọ̀ ṣáájú, bóyá wọ́n ti fi àgbo tàbí abẹ́rẹ́ lé ìrọbí ní eré àsápajúdé; nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, kò sí ìdí kan tí ẹnikẹ́ni lè tọ́ka sí. Nǹkan bí ìgbà méje nínú mẹ́wàá tí ẹ̀jẹ̀ bá ya lẹ́yìn ìbímọ, rírọ̀ ilé ọmọ yìí ló fà á. Ibi-ọmọ tí kò jáde tán, ojú ara tó ya, àti ẹ̀jẹ̀ tí kò lè dì ló pín èyí tó kù.

Ó ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti fẹnu kò pé bí ẹ̀jẹ̀ tí ìyá pàdánù bá ti pé ìdajì lítà, ó ti di ewu. Ìdajì lítà yìí kò ju omi inú ọ̀rá píọ́ wọ́tà kan lọ. Ẹ wáá rò ó wò: bí a bá tú ọ̀rá omi kan dà sórí aṣọ, sórí ẹní, sórí òwú, tí díẹ̀ ṣàn sí ilẹ̀, ta ni yóò fi ojú lásán mọ iye rẹ̀? Ojú náà sì ni nọ́ọ̀sì àti dókítà ti fi ń díwọ̀n ẹ̀jẹ̀ abiyamọ láti ọdún gbọ́nhan. Ojú a máa tàn wọ́n, a máa dín in kù. Ìgbà tí ẹni tó ń wò ó yóò bá fi la ẹnu pé ẹ̀jẹ̀ yìí mà ti ń pọ̀ o, ìyá ti ń làágùn tútù, ọwọ́ rẹ̀ ti ń di yìnyín.

Ìdààmú yìí ni Yunifásítì Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Àjọ Ìlera Àgbáyé, àti àwọn dókítà ilẹ̀ Áfíríkà, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Hadiza Galadanci ti Kánò wà lára wọn, kó ọgbọ́n jọ lé lórí nínú ìwádìí kan tí wọ́n pè ní E-MOTIVE. Ilé ìwòsàn 80 ni wọ́n lò ní Kẹ́ńyà, Nàìjíríà, Gúúsù Áfíríkà àti Tàǹsáníà, obìnrin tó bímọ níbẹ̀ sì lé ní 210,000. Ọ̀rá alápò kan, tí wọ́n fa ìlà òǹkà sí lára, ni wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ ìyá bí ọmọ bá ti jáde. Ẹ̀jẹ̀ a máa ṣàn sínú rẹ̀, nọ́ọ̀sì a sì máa wo ìlà rẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún odidi wákàtí kan. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti kan ìlà ewu, kò sí pé à ń dúró de dókítà àgbà. Wọn a máa fi ọwọ́ wọ́ ilé ọmọ láti òkè ikùn kí ó lè sún kì. Wọn a fún ìyá ní oògùn tí ń mú ilé ọmọ sún kì. Wọn a fún un ní tranexamic acid, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tó ti dì tú. Wọn a fa omi sí i lára. Wọn a yẹ ojú ara àti ibi-ọmọ wò bóyá ibì kan ya tàbí nǹkan ṣẹ́kù sínú, wọn a sì ké sí ẹni tó jù wọ́n lọ bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dá. Kókó rẹ̀ ni pé ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n ń ṣe gbogbo rẹ̀. Tẹ́lẹ̀ rí, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì ni wọ́n ń tò ó: kí á dán èyí wò, kí á fún un láyè díẹ̀, bí kò bá jẹ́ kí á dán ìyẹn wò, ẹ̀jẹ̀ kì í sì í dúró de ẹni tó ń dán nǹkan wò.

Nígbà tí èsì jáde ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ó hàn gbangba pé níbi tí wọ́n ti lo ọ̀nà tuntun yìí, nínú 100 obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ ya lára wọn, 93 ni wọ́n tètè rí, nígbà tí ó jẹ́ 51 péré níbi tí wọ́n ti ń ṣe é bí wọ́n ti ń ṣe é. Àwọn tí ọ̀ràn wọn le, yálà tí ẹ̀jẹ̀ wọn kọjá lítà kan, tàbí tí ó di iṣẹ́ abẹ, tàbí tí ó di ikú, dín kù láti 4.3 nínú ọgọ́rùn-ún sí 1.6. Kì í ṣe ẹ̀rọ olówó ńlá ló ṣe èyí. Ọ̀rá ni, àti ọwọ́ tí ó ti mọ ohun tí yóò ṣe kí ewu ó tó dé.

Láti orí ọ̀rá yìí ni àríyànjiyàn mìíràn ti ṣẹ́yọ. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025, Àjọ Ìlera Àgbáyé pẹ̀lú ẹgbẹ́ àwọn dókítà aláboyún àti ẹgbẹ́ àwọn agbẹ̀bí lágbàáyé gbé ìlànà tuntun jáde pé kí á má ṣe máa dúró de 500 mílílítà mọ́. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti tó 300, tí ìfúnpá ìyá sì ń lọ sílẹ̀ tàbí tí ọkàn rẹ̀ ń sáré ju bí ó ti yẹ lọ, kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìbẹ̀rù ẹni tó ń ṣọ́ oògùn ni pé abẹ́rẹ́ àti omi tí kò tó tẹ́lẹ̀ yóò máa bá ẹni tí ara rẹ̀ ì bá dá fúnra rẹ̀ lọ. Ìdáhùn àwọn tó gbè é lẹ́yìn ni pé obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ kò pé lára rẹ̀ láti ìgbà oyún kò ní àjẹṣẹ́kù kankan tí yóò pàdánù. Ti àwọn wọ̀nyí ni mo bá lọ. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n, oògùn tó ṣòfò sì ṣeé rà padà.

Àìpé ẹ̀jẹ̀ yìí, ibà, aràn, oúnjẹ tí kò ní èròjà, àti oyún tó ń gun ara wọn léjìká ló ń fà á. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́sẹ̀dé Afọlábí ti ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Yunifásítì Èkó ṣáájú ìwádìí kan lórí aboyún 1,056 ní Èkó àti Kánò, láti mọ̀ bóyá èròjà irin tí a fà sínú iṣan sàn ju oníhóró tí aboyún ń gbé mì lọ. Èsì rẹ̀, tó jáde ní 2024, kò fi gbogbo ẹnu gbè síbì kan: ẹ̀jẹ̀ àwọn ọ̀wọ́ méjèèjì kò fi bẹ́ẹ̀ ju ara wọn lọ nígbà tí oyún gbó, ṣùgbọ́n àwọn tí irin ṣì ṣaláìtó lára wọn kéré púpọ̀ láàárín àwọn tí wọ́n fà á sí. Bóyá èyí tó owó tí yóò náni, àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn rẹ̀.

Oògùn tí ń mú ilé ọmọ sún kì ni ìjà mìíràn, ìjà yìí sì dùn mí ju àwọn tó kù lọ. Oxytocin ni orúkọ rẹ̀. Henry Dale, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ṣàkíyèsí agbára rẹ̀ ní 1906. Vincent du Vigneaud ti Amẹ́ríkà ló ṣẹ̀dá rẹ̀ nínú ilé ìwádìí ní 1953, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1955. Oògùn rere ni, kò wọ́n, ṣùgbọ́n kò fẹ́ ooru: inú òtútù tó wà láàárín 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni ó yẹ kí ó wà láti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti pò ó títí dé apá ìyá. Ẹni tó bá ń gbé Bàrígà, tí ó mọ bí iná mànàmáná ṣe ń lọ tí ó ń bọ̀, kò nílò kí n ṣàlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí onímọ̀ oògùn Chimezie Anyakora àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ra oxytocin káàkiri ẹkùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilẹ̀ yìí, tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2018 fi hàn pé nǹkan bí mẹ́ta nínú mẹ́rin ni agbára rẹ̀ kò dójú òṣùwọ̀n. Ẹ jẹ́ kí á ro ohun tí èyí jẹ́: nọ́ọ̀sì ṣe gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ ọ, ó tètè rí ẹ̀jẹ̀, ó gún abẹ́rẹ́ lákòókò, agbára abẹ́rẹ́ náà kò sì tó.

Nítorí èyí ni àwọn kan ṣe ń pè fún carbetocin tí kò bẹ̀rù ooru, tí ìwádìí lórí obìnrin tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 30,000 ní orílẹ̀-èdè mẹ́wàá, tiwa pẹ̀lú, fi hàn ní 2018 pé kò kéré sí oxytocin nínú dídènà ẹ̀jẹ̀. Àwọn mìíràn ń pè fún misoprostol, oníhóró tí kò fẹ́ fìríìjì, tí kò sì fẹ́ abẹ́rẹ́. Nàìjíríà ló kọ́kọ́ fọwọ́ sí i lágbàáyé fún ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ, ní ọdún 2006. Ìjà orí misoprostol le díẹ̀, nítorí pé oògùn yìí kan náà ṣeé fi ṣẹ́ oyún, ẹ̀rù sì ń ba àwọn aláṣẹ láti fi í sí ọwọ́ ẹni tí kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Ìbẹ̀rù náà kì í ṣe lásán. Síbẹ̀, n kò rí ìdí tí ìyá tó bímọ lórí omi, tí nọ́ọ̀sì kò sí nítòsí, yóò fi kú nítorí ohun tí ẹlòmíràn lè fi hóró mẹ́ta ṣe.

Ní ti tranexamic acid, Utako Okamoto àti ọkọ rẹ̀ Shosuke, àwọn dókítà ilẹ̀ Japan, ló ṣàwárí rẹ̀ ní nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn, pẹ̀lú ìrètí pé yóò gba abiyamọ là. Ọdún 2017 ni ìwádìí lórí obìnrin 20,060 ní orílẹ̀-èdè 21, tí ilẹ̀ wa wà lára wọn, fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé bí wọ́n bá fún ìyá láàárín wákàtí mẹ́ta, yóò dín ikú ẹ̀jẹ̀ kù. Màmá Utako ti kú ní ọdún tó ṣáájú, ní ẹni ọdún 98.

Ẹ jẹ́ kí á wá sí ibi tí ọ̀rọ̀ ti gbóná jù. Ta ni ó yẹ kí ó gba ọmọ? Lẹ́yìn àpérò àgbáyé lórí ìlera ní Alma-Ata ní 1978, ohun tí gbogbo ayé ń wí ni pé kí á kọ́ àwọn ìyá àgbẹ̀bí, kí á fún wọn ní abẹ́ tuntun, ọṣẹ àti òwú, ikú yóò dín kù. Nígbà tí yóò fi di 1997, ní àpérò lórí ìlera àwọn ìyá ní Colombo, ohùn ti yí padà: ikú ìyá kò dín bí wọ́n ti rò, kí owó lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí àti dókítà. Ìwádìí kan ní Pakistan, tó jáde ní 2005, ṣàfihàn ohun tó ṣẹlẹ̀: níbi tí wọ́n ti kọ́ àwọn ìyá àgbẹ̀bí, ikú ọmọ tuntun dín kù kedere, ṣùgbọ́n ti ìyá kò dín lọ́nà tí ẹnikẹ́ni lè fọwọ́ sọ̀yà sí. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà sí wa mọ́. Ọwọ́ mímọ́ àti abẹ́ mímọ́ lè gba ọmọ lọ́wọ́ àrùn. Kò lè dá ẹ̀jẹ̀ tó ń ya dúró.

Láti ìgbà náà ni àwọn kan ti ń wí pé kí ìjọba ti ilẹ̀kùn ilé àgbẹ̀bí pa. Ìjọba Èkó kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ìgbìmọ̀ ìṣègùn ìbílẹ̀ rẹ̀ ń forúkọ wọn sílẹ̀, ó sì ń kọ́ wọn. Mo rò pé ìjọba ṣe dáadáa, nítorí pé kì í ṣe àìmọ̀kan nìkan ló ń gbé obìnrin Ṣómólú lọ síbẹ̀. Ìyá àgbẹ̀bí ń gba owó díẹ̀díẹ̀, ó ń pè é ní ọmọ mi, kì í pariwo mọ́ ọn nígbà tí ìrora bá gbé e, ilé rẹ̀ kò ju ojúlé mélòó kan lọ, kì í sì í yára dárúkọ iṣẹ́ abẹ. Ilé ìwòsàn tí kò bá lè bá a dọ́gba nínú ìwà pẹ̀lẹ́ kò ní gba aboyún lọ́wọ́ rẹ̀, bí ó tilẹ̀ ní oògùn gbogbo ayé. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè: ìyá àgbẹ̀bí mọ ẹnu ọ̀nà aboyún, nọ́ọ̀sì ní oxytocin.

Àwọn ará Ìlàjẹ tó wà ní etí ọ̀sà Bàrígà ní ẹ̀rí nílé, nítorí pé ìpínlẹ̀ Oǹdó tí wọ́n ti wá ti dán ọ̀nà kan wò. Ní 2009, ìjọba Gómìnà Olúṣẹ́gun Mímikò bẹ̀rẹ̀ ètò Àbíyè ní Ìfẹ́dọrẹ: wọ́n fún aboyún ní fóònù, wọ́n yan òṣìṣẹ́ tó ń gun alùpùpù tẹ̀lé wọn délé, wọ́n sì ṣí ilé ìwòsàn ìyá àti ọmọ sí Àkúrẹ́. Ní 2014 wọ́n fi Agbẹ̀bíyè kún un: ìyá àgbẹ̀bí tó bá mú aboyún wá sí ilé ìwòsàn ń gba owó lórí rẹ̀, wọ́n sì ń ran èyí tó bá fẹ́ lọ́wọ́ láti kọ́ iṣẹ́ mìíràn. Wọn kò ba àwọn àgbà obìnrin wọ̀nyí lórúkọ jẹ́, wọn kò sì gba oúnjẹ lẹ́nu wọn. Wọ́n sọ wọ́n di ẹni tó ń sin ìyá dé ibi tí oògùn wà. Bí Ṣómólú àti Bàrígà bá ń wá ohun tí wọn yóò ṣe, èyí ni èmi yóò fi síwájú wọn: kí ọ̀rá ìdíwọ̀n ẹ̀jẹ̀ wà ní gbogbo ilé tí ọmọ ti ń wáyé, ti ìyá àgbẹ̀bí àti ti ìjọ, kí wọ́n mọ bí a ṣe ń wọ́ ilé ọmọ, kí misoprostol wà lọ́wọ́ èyí tí ìjọba ti kọ́, kí ó sì jẹ́ èrè fún un láti tètè gbéra dípò kí ó jẹ́ ẹ̀tẹ́.

Gbígbéra náà kò rọrùn. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022 ni ìjọba ti fi òfin de ọ̀kadà ní Ṣómólú, Bàrígà sì wà nínú rẹ̀. N kò bá òfin náà jà, mo mọ iye ẹsẹ̀ tí ọ̀kadà ti gé, ṣùgbọ́n ìyá tí ẹ̀jẹ̀ ń ya lára rẹ̀ ní agogo méjì òru, nínú òpópó tí ọkọ̀ kò lè wọ̀, kò ní àkókò tó ju wákàtí méjì lọ láti dé ibi tí yóò gbé là. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládọ̀sù Ojẹ́ńgbèdé ti ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn wà lára àwọn tó fi hàn pé ẹ̀wù rọ́bà kan, tí a ń dì mọ́ ẹsẹ̀ àti ikùn ìyá gírígírí, lè dá ẹ̀jẹ̀ padà sí ọkàn àti ọpọlọ rẹ̀, kí ó fi lè fara da ìrìn àjò. Ẹ̀wù bẹ́ẹ̀ ṣeé fọ̀, ó sì ṣeé tún lò fún ẹlòmíràn.

Bí ó bá sì dé, owó àti ẹ̀jẹ̀ ni ìbéèrè tó kù. Ti owó ni ètò Ìlera Èkó wà fún, èyí tí àṣẹ Gómìnà sọ di dandan fún gbogbo ará Èkó ní oṣù Keje ọdún 2024. Kí aboyún wọ inú rẹ̀ kí ikùn tó yọ. Ti ẹ̀jẹ̀ wà lọ́wọ́ wa. Ọ̀pọ̀ ọkọ ló ń bínú nígbà tí wọ́n bá ní kí wọ́n fi páìǹtì kan sílẹ̀ nígbà tí ìyàwó wọn ń gba káàdì, wọ́n a ní ṣé ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n wá tà ni. Inú wọn ì bá rọ̀ bí wọ́n bá mọ̀ pé ọkùnrin tó bá lera lè fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta láìṣe ara rẹ̀ níbi, àti pé ilé ìwòsàn kò lè fi ti èṣí pamọ́ de ti ọdún yìí, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ tí a gbà, bí a tilẹ̀ fi í sínú òtútù tó yẹ ẹ́, kì í lò ju ọjọ́ 35 lọ.